Èmi Ni Ẹnu Rẹ̀ ní Oníṣà

Fún bí ọdún kan àbọ̀, èmi ni ẹnu ìyàwó mi. Ohun tó bá fẹ́ sọ fún ẹnikẹ́ni ní Oníṣà, èmi ni mo ń bá a sọ ọ́. Ohun tí wọ́n bá sì fẹ́ sọ fún un, etí tèmi ló ń kọ́kọ́ gbà kọjá. N kò ní purọ́, iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi. Ọkùnrin tí kò ní ohun púpọ̀ tó lè fi yangàn ní ìlú onílùú, tó wá di ògbufọ̀ nínú ilé ara rẹ̀, kò sí bí orí rẹ̀ ò ṣe ní wú. Àmọ́ ọjọ́ kan wà tí obìnrin yìí fi ọ̀rọ̀ rán mi sí nọ́ọ̀sì tó jókòó níwájú wa, tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, tí mo sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí rẹ̀ ni mo gbé mì.

Ìwó ni mo ti wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan, tó ti pẹ́ ní Oníṣà, tó ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ ní Méènì Mákẹ́ẹ̀tì, ló ní kí n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ọjọ́ kejì tí mo dé, bàbá arúgbó kan wọ ṣọ́ọ̀bù, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Bàbá náà rò pé gìrì ló mú mi. Ó fà mí lápá sókè, ó ń pariwo pé kí wọ́n bu omi wá. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìkíni nìkan ni mo mú ti ilé wá, wọ́n ti kà á sí àìsàn.

Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, odi ni mí. Mo ń fi ìka tọ́ka sí oúnjẹ, ohun tó bá wu olóúnjẹ ló ń bù fún mi. Wọ́n ń bú mi, mo ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé wọ́n ń kí mi ni. Ní Ìwó, èmi ni wọ́n máa ń pè kí n wá parí ìjà àwọn ẹgbẹ́ mi. Ìyá mi a pè ní ọjọ́ Jímọ̀, a ní, "Ọkọ mi, ṣé ibẹ̀ rọgbọ?" Màá ní ó rọgbọ, ó tilẹ̀ dùn. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ pé ohun tó bá dé bá èèyàn lájò, wọn kì í sọ ọ́ délé.

Ìdí ẹ̀rọ ni mo ti gbọ́ Ìgbò. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ wá fún àtúnṣe kì í fẹ́ lọ, á jókòó tì ọ́, á máa ròyìn ọkọ, á máa ròyìn ọmọ. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èmi náà ń dáhùn. Títí di òní, bí ará ibẹ̀ kan bá ní, "Nna, ị na-asụ Igbo!", pé mo mà ń sọ Ìgbò, bí ẹni gba oyè ni mo máa ń rìn délé.

Ọdún kẹsàn-án tí mo ti wà níbẹ̀ ni mo lọ gbé Rófíà níyàwó ní Ìwó, tí mo sì mú un wá sí yàrá kan àti fàráńdà ní àdúgbò Odoakpu. Aránṣọ ni. Nílé wọn, Asọ̀rọ̀mágbèsì ni wọ́n ń pè é, nítorí pé bó bá ti bẹ̀rẹ̀, àfi kí ẹ sì jókòó. Ó lè ròyìn bí ewúrẹ́ ṣe jẹ ẹ̀gẹ́ tó sá síta, kí ẹ má mọ̀ pé oúnjẹ ń jóná. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́.

Mo gbé ẹ̀rọ sí fàráńdà fún un, àwọn oníbàárà ń wá, èmi sì ń dúró láàárín wọn. Bí oníbàárà bá ní ọrùn aṣọ yìí wọ́, màá sọ fún Rófíà pé, "Ó ní o ṣeun, kí o kàn bá òun tún ọrùn ẹ̀ wò." Bí Rófíà bá ní kí obìnrin náà lọ fi ọrùn ara rẹ̀ wé ti aṣọ ná, màá ní, "Ó ní ẹ má bínú." Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, kò sí ìjà. Ó bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n kọ́ òun ní Ìgbò. Mo ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé mi ò sí ńlẹ̀ ni?" Gbólóhùn yẹn ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Nígbà tí oyún rẹ̀ di oṣù méje, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ̀ mí. Ìyá tèmi ní òun máa wá wẹ ọmọ, àmọ́ ìròyìn ojú ọ̀nà tó ń gbọ́ dẹ́rù bà á, ó ní kí a ṣe sùúrù. Ọmọ dé, obìnrin, a sọ ọ́ ní Àmídátù, oríkì rẹ̀ ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Àwọn ará wa ní mọ́ṣáláṣí wá jẹ, wọ́n mu, wọ́n ṣàdúà, wọ́n lọ. Mama Nkechi tó ń ta gààrí àti ìrẹsì níwájú ilé wa ló ṣe bí ìyá. Àwọn Ìgbò ń pe ìtọ́jú abiyamọ tuntun ní ọmụgwọ, ìyá abiyamọ ló sì yẹ kó wá ṣe é. Ó ní kò sí bí abiyamọ ṣe máa wà lójú òun láìní ẹni tó máa fi omi gbígbóná jó ikùn rẹ̀. Láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó tó lọ ra ọjà ní Rìlíìfù Mákẹ́ẹ̀tì, ó ń wá jó o, ó ń gbé ọbẹ̀ ata wá. Rófíà ń dúpẹ́, kì í mu ọbẹ̀ náà tán.

Ẹni tó bá wò ó lóòkán ò lè rí nǹkan kan. Ọmọ mọ́ tónítóní, ó ń mu ọmú, aṣọ rẹ̀ ń gbẹ lórí okùn. Àmọ́ bí Rófíà bá ń fún un lọ́mú, ògiri ló ń wò. Kò fi ọjọ́ kan pè é ní Àbẹ̀kẹ́. "Ọmọ yìí" ló ń pè é. Èmi nìkan ni mò ń ki ọmọ nínú yàrá yẹn, ohùn mi ò sì dára.

Ọ̀sán ọjọ́ kan mo tètè dé, mo gbọ́ ìró ẹ̀rọ rẹ̀ láti òpópónà. Ìró rẹ̀ dára, inú mi dùn. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rọ ń lọ, abẹ́rẹ́ ń gún aṣọ, òwú ò sí lójú abẹ́rẹ́. Kò sí òwú nínú rẹ̀ rárá. Aṣọ tó ti rán kọjá ti gùn tó ìwọ̀n apá méjì, kò sí ojú ìránṣọ kan lára rẹ̀. Mo ní, "Òwú ẹ ti tán." Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi òmíràn sí i, mo dán an wò, mo ní ó ti dára báyìí. Ẹ̀rọ ni mo wò. Ẹ̀rọ niṣẹ́ mi.

Nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, àgbàlagbà, onígíláàsì, tó máa ń bi gbogbo abiyamọ ní ìbéèrè láti orí ìwé kan. Ó ní kì í ṣe ọmọ nìkan làwọn ń wọ̀n. Ó bi Rófíà bóyá ó ń sùn, bóyá ó ń rẹ́rìn-ín, bóyá ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi láìnídìí. Ó ń bèèrè ní Ìgbò, mò ń túmọ̀, Rófíà ń dáhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wá kan èyí tó gbẹ̀yìn: láti ọ̀sẹ̀ kan sẹ́yìn, ǹjẹ́ ó wá sí i lọ́kàn láti ṣe ara rẹ̀ léṣe?

Mo mú ìbéèrè náà rọ̀ díẹ̀ kí n tó sọ ọ́ fún un. Rófíà wo nọ́ọ̀sì, kò wò mí.

Ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún un pé lójoojúmọ́ ni. Ẹ ní bí mo bá sùn, ó máa ń wù mí kí n má jí. Ẹ ní mi ò fẹ́ràn ọmọ yìí, mò ń wá ìfẹ́ náà, mi ò rí i, ó dà bí ọmọ tí ẹnì kan ní kí n bá òun gbé dání, tí ò padà wá gbà á. Ẹ ní ó ti ń ṣe mí bíi pé kí n gbé e fún ẹni tó máa mọ̀ ọ́n tọ́, kí n sì máa lọ. Ẹ bá mi sọ gbogbo ẹ̀."

Mo yíjú sí nọ́ọ̀sì, mo ní, "Ike gwụrụ ya, mana ọ na-ekele Chukwu." Ó rẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nọ́ọ̀sì gbé gíláàsì rẹ̀ sókè. "All that long talk, na only this one?"

Mo ní, "Yoruba long, Ma."

Ó wò mí, ó wo Rófíà, ó wo èrò tó tò sẹ́yìn wa pẹ̀lú ọmọ wọn, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní kí a padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí a wọ̀ padà, Rófíà yíjú sí mi nígbà tó kù díẹ̀ kí a délé. Ó wá ní, "Bàbá Àmídá, mo mọ ohun tí wọ́n ń pe Ọlọ́run níbí. Mi ò dárúkọ Ọlọ́run nínú ọ̀rọ̀ mi." Mo ní bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lédè wọn nìyẹn. Ó ní ó dáa.

Kí ló dé tí mo ṣe é? Mo ti bi ara mi léèrè títí ó fi sú mi. Nílé wa, wọn kì í fi ẹnu ara ẹni pe ibi. Bí ara ẹ bá ń gbóná, wàá ní ara ẹ le, nítorí pé ohun tó bá ti ẹnu jáde lè gbọ́, kó sì dé. Mo rò pé mò ń gbà á lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Òótọ́ nìyẹn, àmọ́ ìdajì rẹ̀ ni. Ìdajì kejì ni pé ojú ń tì mí. Mo rò ó pé wọ́n á gba ọmọ lọ́wọ́ wa. Mo rò ó pé àwọn ará mọ́ṣáláṣí á gbọ́ pé ìyàwó mi ń ya wèrè, wọ́n á sì délé sọ ọ́. Ìdí kan náà ni n kò fi wá obìnrin Yorùbá kankan kó wá bá a sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n pọ̀ ní Oníṣà.

Mo pe ìyá mi, mo sọ ọ́ fún un ní ààbọ̀. Ó ní, "Ọkọ mi, má jẹ́ kí ayé gbọ́ o." Ó ní kí n lọ bá Áfáà. Áfáà kọ tírà sí wàláà, ó fọ̀ ọ́, ó rọ hàntú náà sínú ìgò fún mi. Rófíà mu ún láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ láìjiyàn. Bó ṣe mu ún láìjiyàn yẹn ló yẹ kó bà mí lẹ́rù. Obìnrin tó máa ń bá ẹlẹ́ran jà lórí egungun.

Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tí mo fi rò pé ara rẹ̀ ti ń yá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ti Mama Nkechi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń bi í ní orúkọ nǹkan. Kí lẹ ń pe ọkàn? Kí lẹ ń pe oorun? Báwo lẹ ṣe ń sọ pé ẹnì kan ò ṣe nǹkan? Mo gbọ́ tó ń wí i lábẹ́lẹ̀ nígbà tó bá ń fọ aṣọ, bí ọmọ ilé kéú. Mo pe ilé, mo fi yangàn: "Ìyá, ó ti ń gbọ́ Ìgbò o! Ó ti ń mọ ilé." A jọ ṣe alihamudulilai. N kò bi ara mi léèrè ohun tó fẹ́ fi èdè náà sọ, tàbí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ó ku ọjọ́ márùn-ún kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà pé. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo ti tú ẹ̀rọ oníbàárà kan kalẹ̀, Mama Nkechi pè. Ó ní, "Oga, come house. Come now now. No ask me anything for phone." Ọ̀nà dí, àwọn alágbàrù ti fi ọmọlanke dínà pátápátá. Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́, mo sáré.

Mo bá Mama Nkechi lórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó fi apá kan gbé ọmọ mi, ó fi ọwọ́ kejì di Rófíà mú ní ọrùn ọwọ́. Báàgì kan wà nílẹ̀. Oníbàárà kan fẹ́ ra gààrí, ó lé e lọ láìwò ó. Rófíà jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọ aṣọ tó dára, ó ti di irun rẹ̀.

Mama Nkechi sọ ọ́ fún mi ní Ìgbò. Ó ní Rófíà ló gbé ọmọ wá fún òun, pẹ̀lú gbogbo aṣọ ọmọ, ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti lọ̀ wọ́n, ó tò wọ́n sínú báàgì. Ó ní ó gbé ọmọ lé òun lọ́wọ́, ó ní, "Were ya." Bí ọlọ́jà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn bí owó bá ti wọ̀: gbà, máa mú un lọ. "Mo bi í pé níbo ló ń lọ, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín yẹn ni mo rí tí mo fi dì í mú. Láti wákàtí kan sẹ́yìn ni mo ti dì í mú. Ọwọ́ ti ń ro mí, àmọ́ mi ò lè fi í sílẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó mi lójú ọjà. Mo ní, "Rófíà, níbo lò ń lọ?"

Ó ní, "Ibi tí mo sọ fún yín níjọ́sí."

Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ la gba ilé ìwòsàn lọ. Nọ́ọ̀sì rí ojú wa, ó ní kí àwọn tó wà lórí ìlà ṣe sùúrù, ó mú wa wọ yàrá rẹ̀. Ó jókòó, ó yíjú sí Rófíà, ó bi í pé kí ló dé. Mo ti ń wú ikọ́ láti sọ̀rọ̀, nítorí pé iṣẹ́ mi nìyẹn. Rófíà na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi. Kò tẹ̀ ẹ́ le. Àmì ìka Mama Nkechi ṣì wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó pọ́n rẹ́sú-rẹ́sú.

Ó ní, "Bàbá Àmídá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde."

Mo gbé ọmọ, mo jáde. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ fèrèsé, mo jókòó sórí rẹ̀ láàárín àwọn abiyamọ. Fèrèsé ò padé. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ìgbò ọjà ni, ó ń kọsẹ̀, ó ń padà, ó ń gbé ọ̀rọ̀ kan lé òmíràn bí ẹni tó ń to búrẹ́dì. Ó ní ó ti rẹ òun. Ó ní òun ò fẹ́ wà láàyè. Nọ́ọ̀sì ò pariwo pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ó kàn ń dáhùn pé, "Ehe. Gwa m." Máa sọ fún mi. Rófíà sì ń sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù gààrí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń kó wọn sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà tó ti fi rán mi.

Lẹ́yìn náà ló ní, "Agwara m di m. Ọ gwaghị gị."

Mo sọ fún ọkọ mi. Kò sọ fún ọ.

Obìnrin tó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì gbọ́ ọ. Ó wò mí, ó sì rọra gbé ojú rẹ̀ kúrò. Mo gbé ojú mi sórí ọmọ, n kò sì gbé e sókè títí wọ́n fi ṣílẹ̀kùn.

Wọ́n kọ ìwé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, dókítà fún un ní oògùn. Ó ní àìsàn ni, ó ní orúkọ, ó máa ń ṣe ọ̀pọ̀ abiyamọ, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo ọjọ́rú, Rófíà ń padà lọ bá nọ́ọ̀sì, òun àti àwọn obìnrin bíi mẹ́fà mìíràn, wọ́n á jókòó yíká, wọ́n á sọ̀rọ̀. Òun nìkan ló ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Mama Nkechi máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọ̀sán, èmi ò sì fi í sílẹ̀ mọ́ ní alẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín, kò yá bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nínú wáàsí. Àwọn ọjọ́ kan wà tó kọjú sí ògiri láti àárọ̀. Oríkì ọmọ, kò tíì pè é.

Mo pe ìyá mi, mo sọ ọ́ ní kíkún lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní, "O ò bá má sọ ọ́ síta." Àmọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló pè, kò sì bèèrè mi. Ó ní kí n gbé fóònù fún Rófíà. N kò mọ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀.

Ọjọ́rú kẹrin, nọ́ọ̀sì ránṣẹ́ pé kí èmi náà wá. Mo rò pé ó fẹ́ bú mi, mo sì ti múra sílẹ̀, nítorí pé ó tọ́ sí mi. Rófíà wà níbẹ̀, ó fi ọmọ lé èjìká. Nọ́ọ̀sì mú ìwé ìbéèrè yẹn gan-an jáde, ó yí i sí ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Gị onwe gị kwanu?"

Ìwọ alára ńkọ́?

Mo la ẹnu láti dúpẹ́. Ó ti wà lórí ahọ́n mi, alihamudulilai, ara le. Mo wá rí i pé ẹnu mi ni ìyàwó mi ń wò. Mo pa á dé. Mo wá Ìgbò tí mo ti fi ọdún mọ́kànlá kọ́, n kò rí ẹyọ kan. Yorùbá ló jáde.

Mo ní, "Ẹ̀rù ń bà mí. Bí fóònù bá dún ní ṣọ́ọ̀bù, abẹ́rẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ń sunkún nídìí ẹ̀rọ. Ó sọ fún mi, mo gbọ́, mo sì gbé e mì. Èmi ni mo fẹ́ pa á."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí Rófíà, ó bi í pé kí ni mo wí.

Rófíà gbé ọmọ sí èjìká kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un ní Ìgbò ọjà rẹ̀ yẹn, díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fetí sí i ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó sọ ti ẹ̀rù. Ó sọ ti fóònù, ó sọ ti ẹkún. Nígbà tó dé ibi tó gbẹ̀yìn, mo rò pé á mú un rọ̀ fún mi bí mo ṣe ń mú ọ̀rọ̀ rọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Kò mú un rọ̀. Ó sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kò sì dárúkọ Ọlọ́run sí i.